Odó Tí Mo Gbé Dé Glasgow

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ o, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Glasgow.

Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ̀ pé a kì í fi iyán ṣeré. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí wọn ò gbọ́ ìró odó nílé yín, aládùúgbò á yọjú wá béèrè pé ṣé kò sí o. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kàwé, màmá mi fi aṣọ ògbólógbòó wé odó kékeré kan pẹ̀lú ọmọ odó, wọ́n tì í sáàárín ẹrù mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o! Mo mọ ara mi.

Bọ̀dá Kúnlé, ọmọ Ìkàrẹ́, ló gbà mí sílé. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ló bá mi bá wọn sọ ọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, yàrá kan sì ṣófo níbẹ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò ní parọ́. Àwọn ló fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀. Àmọ́ ìbẹ̀rù òyìnbó ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀! Kí n má pariwo lórí fóònù, kí n má dín ẹja, kí n má rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn. Mo kàn ń ṣe yẹ́ẹ̀sì sà, yẹ́ẹ̀sì sà.

Nígbà tó yá, búrẹ́dì sú mi. Wọ́n bá gbé poundo síwájú mi. Poundo! Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ohun tí wọ́n fi omi gbígbóná rò ni kí ọmọ Ọ̀kà máa pè ní iyán? Mo lọ ra iṣu ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ghana, mo sè é, mo gbé odó kalẹ̀ ní kíṣìnnì. Gbì! Gbì! Gbì!

Kò pẹ́ tẹ́nì kan fi kan ilẹ̀kùn. Bàbá òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ni. Wọ́n ní iná àjà àwọn ń mì, àwo ń jó lórí tábìlì. Háà! Mi ò ronú kàn án rárá. Nílé wa, orí ilẹ̀ la ti ń gúnyán, kì í ṣe orí àjà ẹlòmíì. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ojú ti bàbá náà, wọ́n ní kí n dìde jàre, pé bí mo bá ṣe é níta, kò kan àwọn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Bọ̀dá Kúnlé ní níta kẹ̀? Kí gbogbo àdúgbò wá máa wò wá bí ará oko? Wọ́n ní táwọn bá rí odó yẹn níta, kí n kó ẹrù mi, kí n wá ilé míì lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ ẹnì kankan nílùú yẹn. Níbo ni màá sùn nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí? Mo wọ yàrá, mo sunkún. Àmọ́ bí mo ṣe ń sunkún ni inú ń bí mi. Ẹni tí mo dà láàmú ti dárí jì mí, ẹni tá a jọ ti Àkókó wá ló ń lé mi! Kí ni mo jí? Ta ni mo gbá létí? Mo ní bó bá jẹ́ ìta ni màá sùn, màá yó kí n tó sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé odó lọ sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án gangan. Fèrèsé ń ṣí lókè, ó ń ṣí nísàlẹ̀. Ẹ wò mí dáadáa! Èmi ni!

Bọ̀dá Kúnlé sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sílípáàsì. Wọ́n ní ṣé àwọn ò kìlọ̀ fún mi ni? Mi ò dáwọ́ dúró. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo ti di ẹrù mi, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tí mo bá jẹun tán, màá máa lọ.”

Nígbà tí mo gbójú sókè, inú odó ni wọ́n ń wò. Iyán náà ti funfun, ó ti ń fà. Wọ́n wá rọra béèrè pé ọbẹ̀ wo ni mo sè. Mo ní ẹ̀gúsí ni, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ní látìgbà tí màmá àwọn ti kú ní Ìkàrẹ́, àwọn ò tíì jẹ iyán tí wọ́n fi odó gún.

Àánú wọn ṣe mí gan-an. Àmọ́ ṣé tìtorí àánú ni màá fi dá ṣe é? Rárá o! Mo na ọmọ odó sí wọn. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹni tó máa jẹ ló ń gún.”

Wọ́n wo fèrèsé òkè, wọ́n wo tìsàlẹ̀, wọ́n gbà á. Bàbá òyìnbó ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wòran wa. Bọ̀dá Kúnlé fẹ́ dáwọ́ dúró. Mo ní kókó ṣì wà nínú ẹ̀, kí wọ́n máa gún un lọ! Nígbà tá a jẹun tán, àwọn fúnra wọn ló gbé ẹrù mi padà sí yàrá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ bẹ ẹni tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ibi tẹ́ ẹ ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ jù nù, tẹ́ ẹ yarí pé ẹ ò jù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Ta ló fẹ́ lé yín?