Sẹ́ńsọ̀ Tí Bàbá Ṣeun Ń Nù

Iná pupa tí kò tàn ló kó mi láyà sókè. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọwọ́ gbogbo èèyàn ni, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ rọ́bà kan lẹ́yìn ìlú Benin. Láti àdúgbò Ogida nígboro ni mo ti ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ló ń lọ rọ́bà fún wa. Bí gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ bá fọ́, òkè òkun la ti máa ra òmíràn, kó sì tó dé, gbogbo òṣìṣẹ́ á ti wà nílé. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí kí n tó débẹ̀, àwọn kan kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ra sẹ́ńsọ̀. Òòfà kékeré kan ni, inú ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì ni orí rẹ̀ ń gbé. Bí irin bá ń jẹ irin nínú lọ́hùn-ún, èérún tó bá já á bá ọ́ìlì wá, òòfà á sì fà á mọ́ra. Bí èérún bá pọ̀, iná pupa á tàn. Mo gbọ́ pé irú rẹ̀ làwọn òyìnbó ń lò lórí àwọn òpó gogoro tí wọ́n fi ń rí iná mànàmáná látinú afẹ́fẹ́, kí wọ́n má baà máa gùn ún lójoojúmọ́ lọ yẹ ọ́ìlì wò. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ la ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n iná yìí kò tàn rí, bẹ́ẹ̀ etí mi ń gbọ́ ohùn kan nínú gíàbọ́ọ̀sì náà, bí ìgbà tí ajá ń rún egungun. Ìfura loògùn àgbà. Mo lọ bá máníjà, ọmọ Ẹ̀dó tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, pé kó jẹ́ ká dá ẹ̀rọ dúró ká tú u.

"Madam, red light don show?"

"E never show, sir."

"Then wetin you wan loose?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Sẹ́ńsọ̀ ló gbè é lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè dé. Mo bá Bàbá Ṣeun, ará Ọ̀wọ̀ tó ń darí ẹ̀rọ náà, níbi tó lóṣòó sí. Bàbá yìí fẹ́ràn ìmọ́tótó débi pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń lọ̀. Ó ti tú sẹ́ńsọ̀ jáde, ó ń fi àkísà funfun nu orí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń bá a nu imú ni, madam. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, mi ò jẹ́ kí iná burúkú yẹn tàn lẹ́ẹ̀kan!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n kí òun kú iṣẹ́. Mo gba àkísà náà. Ó ń dán yinrinyinrin, èérún irin kan sì wà níbẹ̀ tó tó èékánná.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà, ẹ má sì nù ún mọ́."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó, iná pupa tàn. Nígbà tí máníjà rí òòfà tó ti hu irùngbọ̀n èérún irin, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká pa ẹ̀rọ. A tú u. Béárìn kan tó gbé ọ̀pá gíà dúró ti ń fọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ba eyín gíà kankan jẹ́. A rí béárìn rà nígboro, ẹ̀rọ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kankan kò lọ sílé.

Ni máníjà bá bèèrè: "Who dey clean this thing?"

"Na me, sir," ni Bàbá Ṣeun wí.

Mi ò lè dákẹ́. "Sir, the day wey dem fix am, who tell Baba wetin the light mean?"

Ọ́fíìsì làwọn tó gbé sẹ́ńsọ̀ wá ti bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò bá ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ náà sọ nǹkan kan. Máníjà fi òòfà náà lé mi lọ́wọ́. "Teach am," ló sọ, ó sì lọ.

Mo mú Bàbá jókòó. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ yìí fẹ́ sọ, ẹ̀yin sì ń nù ún kúrò lẹ́nu rẹ̀."

Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ṣé mo ti ń pa á lẹ́nu mọ́ látọjọ́ yìí ni?"

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mò ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tó ń sáré bọ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Madam! Ó ti sọ̀rọ̀ o! Mi ò fọwọ́ kàn án!"

Inú mi dùn débi pé mo fi oúnjẹ sílẹ̀, èmi náà sì sáré tẹ̀ lé e.