Àwọn Ìyàwó Inú Ọkọ̀ Ọkọ Mi

Èmi nìkan ni ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ sílé, àmọ́ lásìkò tí mo ń sọ yìí, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí obìnrin mìíràn kì í pè é ní ọkọ òun lójú títì Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ nípa rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún mi tó bá ń jẹun, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà takisí ló fà á. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré kó èrò láàárín ìlú gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ kánsù, wọ́n á sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ti ń wa ọkọ̀ ẹrù fún iléeṣẹ́ kan kí wọ́n tó dá òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Owó tí wọ́n fún un pé kó máa lọ sílé àti owó ìrẹsì Ọ̀fàdà tí mo ń tà ní Kútọ̀ la pa pọ̀ tí a fi ra ọkọ̀ àlòkù kan. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: owó ìrẹsì mi wà níbẹ̀. Tí mo bá pe ọkọ̀ yẹn ní ọkọ̀ mi, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. A ti kùn ún ní ọ̀dà takisí, ó ń dán, kí ọkọ mi tó lọ sí kánsù, tí wọ́n sọ fún un pé àwọn kò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà mọ́. Wọ́n ní takisí ti pọ̀ jù nílùú. Ó bi wọ́n pé títí di ìgbà wo. Akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ ní òun ò mọ̀, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Bí kánsù ṣe dáwọ́ fífúnni ní nọ́ńbà dúró báyìí ni nọ́ńbà di ọjà. Àwọn tí ọkọ̀ wọn ti bà jẹ́, tí koríko ti bò ó lẹ́yìnkùlé, nọ́ńbà wọn ṣì ń pawó, torí wọ́n ń fi háyà. Bàbá kan ládùúgbò wa ní Òwu, tí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀, fi tirẹ̀ háyà fún ọkọ mi. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọkọ mi á gbé owó ojúmọ́ lọ bá a bí ìgbà tó jẹ́ pé òun ló ni ọkọ̀. Kí ni bàbá yìí ní nínú ọkọ̀ náà? Nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn lásán! Tí a bá tún yọ owó epo àti owó mẹkáníìkì, ohun tó ń kù kò ju owó búrẹ́dì lọ. Ọkọ mi rù, ó sì ń kanra mọ́ gbogbo wa. Lọ́jọ́ kan, ó dá nọ́ńbà padà fún oní-nọ́ńbà, ó kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ eérú bí ọkọ̀ ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kábúkábú. Ó ń kó èrò láìní nọ́ńbà.

Kí ni ì bá ṣe? Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun nílé wa. A ní ọ̀kan sí i, ọkùnrin, ṣùgbọ́n ibà ti gbé e lọ kí a tó ra ọkọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ọkọ mi kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo rò pé bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn, mi ò bi í.

Tí àwọn ará kánsù bá mú ọkọ̀ tó kó èrò láìní nọ́ńbà, ṣe ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Nítorí náà, kí ọkọ mi tó gbéra, á kọ́kọ́ fi àwọn èrò rẹ̀ ṣe ẹbí. "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí mi o. Ìwọ, àbúrò mi ni ẹ́. Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó mi ni yín títí a ó fi dé Sápọ́n." Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbà fún un. Àmọ́ ẹbí ọ̀fẹ́ yìí ń pa á lára. Ẹni tó ti pè é ní ẹ̀gbọ́n lójú àwọn ará kánsù, tó sì sọ̀ kalẹ̀ nítòsí wọn, ọkọ mi kò lè béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn aláìnítìjú inú wọn á tún juwọ́ sí i: "Bọ̀dá, ẹ bá mi kí ìyàwó o!" Wọ́n á wọ ọjà lọ. Èmi ni ìyàwó tí wọ́n ń kí o. Mò ń gba ìkíni lójoojúmọ́, mi ò rí owó ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, kò kó èrò kankan. Èmi ló gbé lọ sí Ọ̀fàdà láti ra ìrẹsì. Àpò ìrẹsì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dẹ́nu, òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú ọkọ̀, èmi jókòó níwájú bí ìyàwó olówó. Mo ní, "Ẹ ò rí i pé ó dáa báyìí? Tó bá jẹ́ ẹrù tèmi lẹ̀ ń gbé, ta ló máa dá yín dúró?" Kò tíì dá mi lóhùn tí àwọn ará kánsù fi bọ́ sójú ọ̀nà. Ó ku díẹ̀ ká dé Kútọ̀.

Ọmọ tí mo lè bí ló wá sójú fèrèsé. Ó wo ọkọ mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà tún nìyí. Ta lo gbé lónìí?"

"Ìyàwó mi ni, ọ̀gá."

"Ìyàwó! Èyí tí mo rí lọ́jọ́ Ajé ńkọ́? Èyí tó pọn ọmọ ńkọ́?"

Inú bí mi gan-an. Ó ń pe ọkọ mi ní "ìwọ", ó sì ń wo èmi bí àlè. Mo ní, "Ọkọ mi ni. Ọkọ̀ mi sì ni. Ṣé o gbọ́ méjèèjì?"

"Bí gbogbo wọn ṣe ń wí náà nìyẹn, Màmá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú onírọ́. Wọ́n mú ọkọ mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n dá èmi dúró síwájú, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í bi ọlọ́mọ nílé wa ni.

"Ọmọ mélòó lẹ bí fún un?"

Ó ku díẹ̀ kí n ṣépè. Mo rántí ọkọ̀, mo rántí owó ìrẹsì mi, mo gbé ìbínú mì. Mo ní, "Márùn-ún."

Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn ọkọ̀: "Mẹ́rin lòun wí o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀kan ti kú. Ọmọ kánsù náà ní tí ìṣirò kò bá ti dọ́gba, ẹnì kan á sáà kú. Mo wo ọkọ mi pé kó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n já àpò ìrẹsì mi sílẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n sì wa ọkọ̀ lọ.

A ò rí ọkọ̀ náà gbà mọ́. Owó ìtanràn tí wọ́n bù lé e ju ohun tí a lè rí lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un lójoojúmọ́ tó bá fi wà lọ́gbà wọn. Takisí oní-nọ́ńbà ẹlòmíràn ni ọkọ mi wà títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ó sì ń gbé owó ojúmọ́ lọ fún un. Mi ò tíì dárí ji kánsù yẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọkọ̀ kọ́ ni mo ń rò nígbà tí takisí kan dúró, tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ní "Ẹ kú ẹrù o, Màmá", tó sì dá owó gọbọi lé wa torí ó rí i pé a ò ní ibi tí a máa gbà. Èmi àti ọkọ mi jókòó sẹ́yìn, àpò ìrẹsì lórí ẹsẹ̀ wa.

Mo ní, "Ẹ ní mẹ́rin."

Ó ní, "Tí mo bá ń wakọ̀, àwọn tí mo máa wá oúnjẹ fún ni mo máa ń kà lọ́kàn. Mẹ́rin, mẹ́rin. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Tí mo bá ka ìyẹn mọ́ wọn, Ìyá wọn, mi ò ní lè wakọ̀."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin tí kò sunkún níbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí àpò ìrẹsì. Dẹ́rẹ́bà wò wá nínú dígí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ṣé ọkọ yín ni?"

Mo ní ọkọ mi ni. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn, ó gbà mí gbọ́.