Aṣọ Àdúrà Mi Tó Ń Fẹ̀ Sí I

Mo rántí bí tépù aránṣọ ṣe máa ń tutù lábẹ́ apá mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé mi wá sí Odígbó láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera, kò sí àjọ̀dún ìkórè kan tí aránṣọ ìjọ wa ní Òrè kì í tú ẹ̀gbẹ́ sùtánà mi kó tó gbà mí. Bí mo ṣe ń fẹ̀ ni mo ń jẹ́rìí pé ìbùkún ni, gbogbo ìjọ á sì ṣe àmín. Mo ń kọ ọ́ sí pátákó pé ara máa ń tọ́jú oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ohun tí ara ń fi ìyẹn ṣe. Ṣé olùkọ́ ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ni?

Nọ́ọ̀sì kékeré kan wá bá àwa ìyá ìjọ sọ̀rọ̀. Ó ní lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, ọ̀rá kì í jókòó lásán; ó ń ṣe èròjà obìnrin tó lè máa bọ́ jẹjẹrẹ ọmú. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ló ń ṣe, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun lónìí?" Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún yẹn, aránṣọ wọ̀n mí láti èjìká dé ọmú, ó dúró, ó tún un wọ̀n.

"Màmá Tíṣà, ọ̀tún yìí ti yàtọ̀ sí òsì, ó sì le."

"Ara ló ń bọ̀ síbẹ̀."

"Ara kì í le báyìí. N ò ní fọwọ́ kan aṣọ yín títí ẹ ó fi dé ọsibítù."

Inú bí mi. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí n wá wọ aṣọ tó há? Nítorí aṣọ ni mo ṣe lọ, kì í ṣe nítorí ẹ̀mí. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló dì mí lọ́wọ́ mú.

Wọ́n gé ọmú ọ̀tún. Dókítà ní mo tètè dé. Ní àràárọ̀ báyìí, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Àgọ́ Aláyé, aránṣọ sì ti ń dín sùtánà mi kù. Àwọn ìyá ìjọ a máa káàánú mi: "Ẹ mà ti rù o, Màmá. Ọlọ́run á dá ara yín padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀." Èmi tí mo fẹ́ràn àmín tó báyẹn, àdúrà yẹn nìkan ni n kì í ṣe àmín sí.