Ìwé Tí Mummy Fà Ya

Òórùn ata díndín àti ọṣẹ ìfọṣọ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nínú ilé tí mo gbé ní Al Qusais nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dubai. Ìwọ náà mọ bí bedspace ṣe rí: obìnrin mẹ́fà nínú yàrá kan, kálukú pẹ̀lú kọ́tìnnì tirẹ̀. Orúkọ àgbàlagbà kan tá à ń pè ní Mummy ló wà lórí ìwé ilé, nítorí náà Mummy lọba. Ẹni tí kò bá ti wù ú mọ́, ìta ni.

Tíṣà ni mí, ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Muwaileh. Lọ́sẹ̀ yẹn, a dé orí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tí àwọn ìjòyè rẹ̀ fipá mú fọwọ́ sí ìwé pé kò ní lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé tàbí gba ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú mọ́, àfi kí wọ́n dá ẹjọ́ onítọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Mummy lé àbúrò kan nínú wa jáde lọ́sàn-án gangan torí pé ó ń wúkọ́. Ẹ̀gbẹ́ lift la bá òun àti báàgì rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo ya ewé kan nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ pé wọn kò ní lé ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí láìjẹ́ pé gbogbo wa jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀. A ní bí Mummy kò bá fọwọ́ sí i, gbogbo wa máa kó jáde. Ó fajú ro, ó fọwọ́ sí i, àbúrò sì wọlé padà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi fà á ya níṣojú wa. "Ilé mi nìyí. Khalas, ó parí!" Àbúrò kò dúró kó tún lé òun, ó kó lọ fúnra rẹ̀. Ọba ọjọ́un náà yí ohùn padà bẹ́ẹ̀, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àtàwọn ìjòyè. Ogun tiwa kò ní idà, àmọ́ a ò kí Mummy mọ́.

Àìsàn ló pa ọba yẹn lẹ́nu ogun. Àwọn tó dúró ti ọmọ rẹ̀ kékeré lórí oyè ló tún ìwé náà gbé jáde fúnra wọn, àtìgbà náà ló ti ń ṣòro fún ọba Gẹ̀ẹ́sì láti sọ pé òun ga ju òfin lọ. Bí ẹni tó bá wọn ja ogun náà ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé, "Àwọn ìjòyè yẹn ńkọ́, Ma? Ṣé àwọn náà pa òfin náà mọ́ fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn?" Mo ní àkókò ti lọ.

Nígbà tí àsìkò ìwé ilé náà parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Mummy, orúkọ mi ni onílé kọ sórí tuntun. Àwa yòókù pinnu pé kó máa lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ ò ní jókòó gbọ́ tẹnu mi ni?"

Kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ìwé tó fà ya ọ̀hún, mo ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó wà nínú báàgì mi.

"Khalas, Mummy," ni mo wí.

Ó wọ́ ẹrù rẹ̀ lọ sí metro nínú oòrùn. Ẹnì kan ní òun rí i ní àdúgbò Al Khan, ẹlòmíì ní ó ti padà sí ilẹ̀ wa. Ọdọọdún ni mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yẹn, ojú sì máa ń tì mí níwájú wọn. Ọba nìkan ni mo rò pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń dè. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí Mummy fẹ́ sọ.