Bọ́gà Ẹ̀wà Híhù Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbìn

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Bódìjà, àwa ìyàwó olùkọ́ yunifásítì mélòó kan sọ ara wa di ẹni tí kì í jẹ ẹran. Alága ẹgbẹ́ wa ló ṣe sábàbí rẹ̀. Wọ́n lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì bọ̀ wá di dókítà oúnjẹ. Wọ́n ní ẹran ń ba ara jẹ́, pé ẹ̀wà tó bá ti hù ni ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀bá ọjà Bódìjà là ń gbé o, níbi tí igbe màlúù ti ń jí wa láàárọ̀. Síbẹ̀ a gbà. Èmi tí mo kàwé gboyè tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀wà náà, a ó rẹ ẹ́ mọ́jú, a ó ro omi rẹ̀ nù, a ó fi aṣọ tútù bò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ méjì, títí ìrù funfun kékeré yóò fi yọ lára rẹ̀. A ó gún un, a ó pò ó mọ́ àlùbọ́sà, ẹyin, kárọ́ọ̀tì tí a rin àti búrẹ́dì gbígbẹ tí a rún. A ó wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a ó fi òróró díẹ̀ dín in, a ó fi í sáàárín búrẹ́dì. Alága ní bọ́gà nìyẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe fọ́ yángá sínú páànù. Mo fi ṣíbí kó o jọ fún ọkọ mi. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́, ó wò mí, ó ní, "Kí ni ẹ̀wà yìí ṣẹ̀ ọ́?"

Mo ní ẹran ló ti ba ahọ́n rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tó kàn mí láti gba ẹgbẹ́ lálejò, mo rẹ kóńgò ẹ̀wà kan lálẹ́ Ọjọ́rú, nítorí ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá ọkọ mi dé láti Ìsẹ́yìn. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Láàárọ̀ Sátidé mo lọ ra búrẹ́dì àti kábéèjì ní Ṣàngó. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti fọ abọ́ tí mo fi rẹ ẹ̀wà, wọ́n sì ti dojú rẹ̀ dé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀wà inú kọ́bọ́ọ̀dù dà?"

"Mo ti bá ọ gbìn ín, ìyàwó mi. Ó ti hù. Bó bá fi di ọ̀la, yóò ti rà. Mo hú àwọn òdòdó yẹn, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dáa jù."

Mo yọjú sẹ́yìnkùlé. Rósì ọkọ mi ti dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ebè sì tò rẹrẹ. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún, mo ṣàlàyé fún wọn.

"Irúgbìn lẹ fẹ́ jẹ?" ni ìyá bi mí. "Gbogbo ìwé tí ẹ kà náà nìyẹn?" Ojú mi ṣe wọ́n láàánú. "Nu ojú rẹ. Mo ti bó ẹ̀wà sílẹ̀ tí mo fẹ́ fi se mọ́ínmọ́ín fún ọmọ mi."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, a lọ̀ ọ́. Ìyá pò ó títí ó fi fúyẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in pẹrẹsẹ.

"Ẹni tí kò mọ àkàrà dín ni tiẹ̀ ń rí pẹrẹsẹ," ni wọ́n wí, síbẹ̀ wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ fún mi.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pé, mo gbé e wá láàárín búrẹ́dì, alága ló sì kọ́kọ́ gé e jẹ. Wọ́n dijú. "Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ lẹ́nu?" ni wọ́n bi wá. "Ẹ̀mí inú ẹ̀wà híhù nìyẹn! Ẹ̀wà lásán kò lè dùn báyìí láéláé." Làwọn yòókù náà bá ń gbọ́ ẹ̀mí lẹ́nu. Ẹnì kan tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn jẹ márùn-ún.

"Ọjọ́ mélòó lo fi bò ó?" ni alága bi mí.

"Ọjọ́ méjì, mà."

Ìyá gbé omi wọlé lásìkò náà. "Ọjọ́ méjì?" Mo fi ojú bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rọra gbé omi sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìyàwó mi kì í purọ́." Wọ́n padà sí kíṣíìnì, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo jókòó sí.

Mo lè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. N kò jẹ́wọ́. Ìyìn yẹn ti wọ̀ mí lára. Ẹgbẹ́ náà ṣe bí oṣù mẹ́ta sí i kó tó tú ká, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ní kí n gbé bọ́gà wá, àkàrà ni mo ń gbé lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Tàbí kó jẹ́ pé gbogbo wọn ló mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, tí ebi kò kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.