Ìwé Tí Mo Sun Nítorí Ìyá Mi

Òórùn káńfọ̀ ni ìwé náà máa ń rùn, nítorí inú àpótí aṣọ Ìyá mi ló ń gbé. Láàárọ̀ Sátidé, tí ọyẹ́ bá mú ní Bantè, ìlú wa, débi pé a ò fẹ́ fọwọ́ kan omi, Ìyá á gbé e jáde, á tẹ́ aṣọ sórí itan, á ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi kí n tó sún mọ́ òun. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Rósálì." Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé ìwé ò pọ̀ nílé ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, àfi ti ilé-ìwé àti ti àdúrà. Tiwa yìí, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì kan láti Írẹ́lándì, tí òun àti Bàbá mi jọ ṣe olùkọ́ ní Savalou, ló fi ta Bàbá lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Faransé sì ni Bàbá gbọ́, nítorí náà àwòrán nìkan là ń wò. Ará ìlú obìnrin náà kan ló yà wọ́n, ọkùnrin tó ń yàwòrán sínú ìwé, tó sì tún ń fi gíláàsì aláwọ̀ ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀rù àwọn àwòrán yẹn máa ń bà mí. Tádàwá dúdú ni. Àwọn èèyàn inú wọn rí tẹ́ẹ́rẹ́, awọ wọn funfun bí ẹfun, ìka wọn gùn, ojú wọn sì dà bíi ti ẹni tí kò sùn láti ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ ọrùn wọn ni Ìyá ń wò ní tirẹ̀, tó kún fún àmì tóótòòtó wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ ẹtù. Aránṣọ ni, inú ìwé yẹn ló sì ti ń ṣa àwọn òdòdó tó ń fi abẹ́rẹ́ kó sára aṣọ funfun tí mo máa wọ̀ lọ gba Kòmúníọ̀n àkọ́kọ́. Ojú ewé kan ṣoṣo ló ní àwọ̀, àwòrán fèrèsé kan, búlúù rẹ̀ kò sì jọ búlúù kankan tí mo rí rí. Ìyá lè wò ó títí ọbẹ̀ á fi jóná.

Ọdún yẹn ni ikọ́ mú un. A kọ́kọ́ pè é ní ikọ́ ọyẹ́, nígbà tó yá a ti ń gbọ́ ọ láti ojúde. Wọ́n fi alùpùpù gbé e lọ sí ọsibítù ní Savalou, ó gba oògùn bọ̀, ó sì ń rù sí i. Ìyá àgbà, ìyá Bàbá mi, ya ife àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀. Nílé wa, bí ikọ́-ife bá pa èèyàn, gbogbo ohun tó fọwọ́ lò ni wọ́n máa ń dáná sun, kí àrùn náà má baà wá ẹlòmíì wá. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe sun ẹní àti aṣọ aládùúgbò wa kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá ń sọ ìtàn ayàwòrán náà fún Ìyá kó lè gbàgbé ìrora, bí ajẹ́jẹ̀ẹ́ yẹn ṣe sọ ọ́ fún un. Ó ní omi olóró tó ń jẹ gíláàsì ni ọkùnrin náà fi ń fín iṣẹ́ rẹ̀, pé àyà rẹ̀ ò sì le, pé ikọ́-ife ló pa á láìdarúgbó. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rò ó, mo tún un rò. Ẹni tí ikọ́ pa ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya nǹkan wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni ò sì sun wọ́n. Ìyá mi wá ń fọwọ́ pa wọ́n nígbà gbogbo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá sùn, mo fi aṣọ di ìwé náà, mo gba ọ̀nà Koko, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sun igbó láti palẹ̀ oko iṣu mọ́. Mo jù ú síná. Ó kọ́kọ́ kọ̀, kò jó, lẹ́yìn náà ó ṣí fúnra rẹ̀, mo sì rí búlúù yẹn tó ń dúdú láti etí wá. Inú mi dùn, ẹ má bú mi. Mo sáré délé, mo jókòó ti Ìyá, mo ń retí kí ikọ́ náà dáwọ́ dúró.

Kò dáwọ́ dúró. Ìwé ni wọ́n ń wá. Ìyá ti ń pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, Bàbá sì gbà pé ó ti fi ìwé náà kún un. "Ìyá Rósálì, ta lo gbé e fún?"

"Bàbá Rósálì, n ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi wá a, mo fẹ́ rí i."

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

Ìyá ń sunkún. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kú, òun àti Bàbá ò sì tíì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Apá kan péré ni òdòdó dé lára aṣọ mi.

Olùkọ́ lèmi náà báyìí ní Savalou, mo sì ti ju ọjọ́ orí tí Ìyá kú sí lọ. Mo mọ̀ pé àwòrán kì í kó ikọ́ ran èèyàn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ kí Bàbá ní Bantè, mo sì ti pinnu pé màá sọ ọ́. Kí n tó lanu, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ Ìyá sílẹ̀, bí àwọn arúgbó ti ń ṣe. "Rósálì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá rẹ purọ́ fún mi, lórí ìwé yẹn. Mo ti dárí jì í."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mo dìde, mo lọ bu oúnjẹ rẹ̀ wá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá mi ni mo ń gbà là. Lónìí, ara mi ni.