Ọ̀nà Tó Là Lórí Kápẹ́ẹ̀tì Màmá Fọlákẹ́

Ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bo Bowie, ìlú tí mò ń gbé lókè òkun, lọ́dún yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí kíláàsì mi, ìbọ̀wọ́ tó gbàgbé síbẹ̀ ló sì wá mú.

Iṣẹ́ fisiò ni mò ń ṣe. Bí oríkèé bá ń dun ènìyàn, tàbí tí dókítà bá ní kí ó dín sísanra kù, èmi ni wọ́n ń rán an sí, kí n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lo ara rẹ̀. Òtútù sì ni ọ̀tá iṣẹ́ wa. Tó bá ti dé, látinú mọ́tò, inú ilé làwọn ènìyàn ń wọ̀ tààrà, ìdí ìrẹsì gbígbóná ni wọ́n sì ń jókòó sí. Gbogbo ohun tí a fi ẹ̀ẹ̀rùn yọ́ lára wọn á tún padà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn mí jù ni Màmá Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé ní Springdale. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí ara rẹ̀ bá fúyẹ́ sí i. Yàrá rẹ̀ wà lókè, ṣùgbọ́n kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Orí àga gígùn ní pálọ̀ ló ń sùn.

Mo pè é lórí fóònù. “Màmá, ẹ ò wá.”

“Dìran, ọmọ mi, ṣé kí n ṣubú sórí yìnyín, kí wọ́n lè pààrọ̀ ìbàdí mọ́ orúnkún?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn jókòó. Ẹ máa rìn nínú ilé.”

“Mo gbọ́.”

Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá sọ pé “mo gbọ́” ti jókòó nìyẹn.

Nígbà tí òtútù mú gan-an, mo tún pè é láàárọ̀. Ó ń lo fóònù. Mo tún pè, bákan náà ni. Mo rò pé bóyá ó ti ṣubú. Bí wọ́n ṣe kó yìnyín kúrò lójú títì, mo gba Springdale lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Òógùn bò ó níwájú orí, fóònù sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. “Wọlé, má dá mi dúró,” ló wí, ó sì yí padà, ó ń rìn lọ.

Ó ti ti gbogbo àga mọ́ ògiri. Tábìlì nìkan ló kù láàárín, ọ̀nà kan sì yí i po lórí kápẹ́ẹ̀tì, tó tẹ̀ wọlẹ̀, tó ń dán, bí ojú ọ̀nà odò lábúlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló là á. Mo dúró, bàtà lọ́wọ́, mo ń wò ó.

Ohùn kan jáde látinú fóònù. “Ta ló wọlé?”

“Fisiò mi ni.”

“Ẹ ní kó máa rìn.”

Mo bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí a ṣe ń yí tábìlì ló ń ṣàlàyé fún mi. Àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ ló wà lórí fóònù náà, ní Bowie, ní Temple Hills, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ tí ẹnì kan mú ẹnì kejì wá. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí. Láràárọ̀, oníkálukú á máa rìn nínú ilé tirẹ̀, wọ́n á sì jọ máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

“Ọkọ èyí tó wà ní Temple Hills kú láìpẹ́,” ló fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ, ó fọwọ́ bo fóònù. “Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ò lè dìde lórí ibùsùn. A ò bẹ̀ ẹ́, a ò wàásù fún un. A kàn ń rìn lọ, kí ó lè máa gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ nílẹ̀.”

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mi ò rí irú èyí rí.

Nígbà tí yìnyín yọ́, dókítà ní kí Màmá gun ìwọ̀n, ó sì ní kí ó tún gun ìwọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ìwọ̀n ló ń ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn náà ló gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, orúnkún kan lẹ́yìn èkejì. Kí ewé tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í re, ó ti padà sí yàrá rẹ̀ lókè.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ní kí n bá òun lọ sí etí adágún odò kan ní Bowie. Àwọn obìnrin kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà, wọ́n ń wo ara wọn bí àjèjì. Ọ̀kan nínú wọn bá ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi.” Gbogbo wọn yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn Temple Hills ni. Màmá rìn lọ bá a láìlo ọ̀pá, ó dì mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rìn lọ, apá so mọ́ apá. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kò sí ohun tó kù tí mo lè kọ́ wọn.